Ẹ fẹ́ fi họ́lídè lọ wẹ omi gbígbóná ní Jàpáànì? Ìbéèrè àti ìdáhùn rèé

Bí mo bá ti dárúkọ Hakone, ìlú orí òkè tó ní omi gbígbóná lẹ́bàá Tokyo, báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń bi mí, ìyẹn ló jẹ́ kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí. Ẹ fo èyí tí ò bá kàn yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé ìhòhò ọmọlúàbí ni wọ́n fi ń wọnú omi yẹn?

Ibi tẹ́ ẹ bá lọ ló máa sọ. Onsen, ìyẹn ilé ìwẹ̀ tí omi ẹ̀ ń gbóná wá látinú ilẹ̀, ìhòhò ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́ o, ọkùnrin lọ́tọ̀ obìnrin lọ́tọ̀, pátá àti kọ́mú gbogbo ẹ̀ á wà nínú lọ́ọ̀kà, kò sí pé èmi máa wọ ṣòkòtò péńpé tèmi sí i, wọn ò ní gbà fún yín. Ṣùgbọ́n páàkì omi gbígbóná yàtọ̀. Àwọn páàkì yìí ní ẹ̀gbẹ́ kan tó jẹ́ pé aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni tọkùnrin tobìnrin máa wọ̀, bàbá, ìyá àtọmọ á jọ wà nínú omi kan náà, wọ́n sì tún máa ń ní ẹ̀gbẹ́ oníhòòhò fún ẹni tó bá fẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́ pé páàkì ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ bá àna ẹ̀ jókòó níhòòhò sínú omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ họ́lídè? Tójú bá ti là díẹ̀, tẹ́ ẹ ti rí bí nǹkan ṣe ń lọ, ẹ lè wá kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì nírọ̀lẹ́, ẹ máa rí i pé láìpẹ́ láìjìnnà, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnì kankan mọ́.

Kí ló mú omi yẹn yàtọ̀? Ṣé kì í ṣe omi ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kaná náà ni?

Rárá o. Òkè oníná pọ̀ ní Jàpáànì. Omi òjò á wọlẹ̀ lọ, á lọ bá àpáta gbígbóná nísàlẹ̀, á kó èròjà inú ilẹ̀ mọ́ra, iyọ̀, irin, imí ọjọ́, á wá tú jáde padà. Òfin ti wà lórí ẹ̀ láti 1948: omi tó jáde látinú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 25°C, àbí kó ní ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí òfin yẹn kà sílẹ̀ dé ìwọ̀n tó yẹ, kí wọ́n tó lè pè é ní onsen. 25 péré o! Omi inú táńkì orí ilé wa l'Ékòó lọ́sàn-án gan-an ju ìyẹn lọ. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí onsen tí wọ́n tún ń fi ẹ̀rọ kaná, ẹ má pariwo pé wọ́n lu yín ní jìbìtì, òfin gbà á.

Èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wá pọ̀ jù nínú àwọn tó lórúkọ. Omi Kusatsu, ní ìpínlẹ̀ Gunma, lé ní 50°C níbi tó ti ń jáde, ó tún kan bí ẹní fi ásíìdì sí i. Wọn kì í fẹ́ da omi tútù sí i torí agbára ẹ̀ á lọ sílẹ̀, pákó gígùn gbọọrọ ni wọ́n fi ń rò ó títí tára á fi lè gbà á, wọ́n á máa kọrin sí i bí wọ́n ṣe ń rò ó. Yumomi lorúkọ ẹ̀, ẹ lè sanwó wọlé wò ó.

Ẹni tó bá ti dé Ìkògòsì-Èkìtì rí, tó ti tẹsẹ̀ bọ ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ti ní òye díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí òkè oníná ní Ìkògòsì, jíjìn tí omi yẹn ti wá nísàlẹ̀ ló mú un gbóná. Ẹ má sì ṣi onsen mú fún sento o, sento ni ilé ìwẹ̀ àdúgbò, omi lásán ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kaná.

Páàkì wo ni kí n lọ?

Tó bá jẹ́ Tokyo lẹ máa dé sí, Hakone Kowakien Yunessun ló rọrùn jù. Ó wà lórí òkè ní Hakone, ìpínlẹ̀ Kanagawa, 2001 ni wọ́n ṣí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ wáìnì, kọfí, tíì àti sake (ọtí ìrẹsì wọn), àwọn ọmọ ní ibi tí wọ́n ti ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ látòkè bọ́ sínú omi, ẹ̀gbẹ́ oníhòòhò ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mori no Yu sì wà láàárín igi, ó tura gan-an. Ariwo ọmọdé pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣọ ṣá, kí n má parọ́ fún yín, ẹni tó ń wá ibi tó parọ́rọ́ ò ní gbádùn ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Èyí tí ìtàn ẹ̀ dùn mọ́ mi jù ni Spa Resort Hawaiians nílùú Iwaki, ní Fukushima. Ibi ìwakùsà èédú ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Omi gbígbóná ló ń da àwọn awakùsà láàmú nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n á máa fa omi yìí dànù kí wọ́n tó lè rí èédú wà, ooru ibẹ̀ ò sì ṣe é fẹnu sọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960 tí epo rọ̀bì wá gbapò lọ́wọ́ èédú, tíṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, iléeṣẹ́ èédú yẹn ló bá ní ó dáa, omi tó ń pa wá lára yìí náà la máa fi jẹun. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan, wọ́n gbin ọ̀pẹ sí i, wọ́n ní Hawaii ni, torí ọdún 1964 níjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba aráàlú láti máa rìnrìn àjò afẹ́ lọ sókè òkun, Hawaii wà lẹ́nu gbogbo èèyàn ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin àwọn awakùsà, wọ́n kọ́ wọn ní hula, ijó ìbílẹ̀ Hawaii, January 1966 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ 2011 ba ibẹ̀ jẹ́, àwọn oníjó yìí gbéra, wọ́n ń jó káàkiri Jàpáànì títí wọ́n fi tún páàkì ṣe, February 2012 ni gbogbo ẹ̀ padà ṣí. Ijó yẹn ṣì wà títí dòní, ẹ má sọ pé ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ má wò ó. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ní Spring Park wọn, ìhòhò sì ni ti Yoichi, ìyẹn adágún ìta gbangba tí wọ́n kọ́ bíi ti ayé Edo àtijọ́ (orúkọ tí Tokyo ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe Ẹdó tiwa), ó fẹ̀ bí nǹkan míì.

Ẹni tó bá máa dé Kyushu, erékùṣù ńlá kan ní gúúsù Jàpáànì, kó má fo Beppu ní ìpínlẹ̀ Oita. Ojú orísun omi gbígbóná tó wà nílùú yẹn nìkan lé ní 2,000, èéfín ń yọ láàárín ilé bí ẹni ń se àsè. Suginoi Hotel ní Aqua Garden tó jẹ́ aláṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ́ máa wo òkun látinú omi. Ní ilé ìwẹ̀ Takegawara níbẹ̀, inú yanrìn gbígbóná ni wọ́n máa ń rì yín mọ́, orí nìkan ló máa yọ síta. Àwọn adágún tí wọ́n ń pè ní jigoku, ìyẹn ọ̀run àpáàdì, èyí aláwọ̀ ojú ọ̀run àti èyí tó pupa fòò bí ẹ̀jẹ̀, wíwò ni wọ́n wà fún o, ẹni tó bá kó wọ̀ ọ́, ó ti jinná nìyẹn.

Fún ẹni tí ò ní ráyè jáde ní Tokyo rárá, Toyosu Manyo Club wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ẹja Toyosu, February 2024 ni wọ́n ṣí i, ọkọ̀ ló ń gbé omi onsen wá fún wọn láti Hakone àti Yugawara. Ìhòhò ni tibẹ̀, àmọ́ ibi ìtẹsẹ̀bọmi wà lókè òrùlé, ẹ ká ṣòkòtò sókè, ó ti tó. Tẹ́ ẹ bá sì ní ìwé arìnrìn-àjò àtijọ́ tó ń júwe Oedo Onsen Monogatari ní Odaiba fún yín, ẹ má dá a lóhùn, wọ́n ti tì í pa láti 2021.

Ṣé wáìnì gidi ló wà nínú omi Yunessun?

Omi gbígbóná ló pọ̀ jù, wọ́n wá ń da wáìnì sí i lójú yín. Lóṣù November, tí Beaujolais Nouveau, wáìnì tuntun ilẹ̀ Faransé, bá ti jáde, wọ́n máa ń fi ṣayẹyẹ, akọ̀ròyìn á kó kámẹ́rà wá, àwọn èèyàn á máa gbé ife sókè nínú adágún. Ti sake, ti kọfí àti ti tíì náà wà níbẹ̀. Ẹ má bù ú mu o. Ṣé ó ń tún awọ ara ṣe lóòótọ́? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀, èmi ò rò pé ó ju eré lọ, ṣùgbọ́n eré náà dáa, fótò ẹ̀ sì máa ń rẹwà.

Báwo la ṣe ń dé Hakone láti Tokyo?

Ọ̀nà méjì ló wà tó dáa. Ẹ lè wọ Romancecar, rélùwéè iléeṣẹ́ Odakyu, ní ibùdókọ̀ Shinjuku ní Tokyo, ó máa ń tó ìṣẹ́jú 85 kó tó dé Hakone-Yumoto, ìjókòó yín gbọ́dọ̀ ti wà ní búkìǹgì. Tàbí kẹ́ ẹ wọ Shinkansen, rélùwéè ayára bí àṣá, láti Tokyo dé Odawara, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Látibẹ̀, bọ́ọ̀sì tó ń gòkè ló máa já yín sí Kowakien, iwájú páàkì gan-an. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa sun ọjọ́ kan tàbí méjì níbẹ̀, ẹ ra Hakone Free Pass, ó kárí rélùwéè, bọ́ọ̀sì Hakone Tozan, ọkọ̀ orí wáyà àti ọkọ̀ ojú omi. Ojú ọ̀nà òkè yẹn máa ń dí lópin ọ̀sẹ̀, bọ́ọ̀sì á kàn dúró gbagidi. Ẹ tètè jáde nílé.

Kí ni kí n kó dání?

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, ìdìrun, kírímù tẹ́ ẹ máa fi para lẹ́yìn ìwẹ̀, omi mímu, owó kọ́ìnì. Ìyókù, wọ́n ní. Páàkì máa ń yá èèyàn ní tówẹ̀lì àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, àmọ́ ẹ̀yin tí ìdí yín kún díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé tiyín dání, sáìsì wọn ò jọ tiwa rárá. Ọṣẹ, ṣáńpù, gbogbo ẹ̀ wà lára ògiri lọ́fẹ̀ẹ́. Kànìnkànìn náà ẹ lè mú dání, àwọn ará Jàpáànì ní èyí tó gùn tó jọ kànìnkànìn nẹ́ẹ̀tì tiwa gan-an, wọ́n ń fi í ha ẹ̀yìn bí àwa náà ṣe ń ṣe, ẹ ò ní jọ àjèjì tó bẹ́ẹ̀.

Góòlù, fàdákà, ẹ fi sílé. Omi tó ní imí ọjọ́ á sọ fàdákà di dúdú kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí náà, tó bá ní irin lára, ẹ bọ́ ọ.

Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ̀, kójú má baà tì mí.

Ohun tó jà jù nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Inú adágún yẹn kì í ṣe ibi ìwẹ̀ ìdọ̀tí, ibi ìsinmi ni. Ìdọ̀tí ti gbọ́dọ̀ kúrò lára yín pátápátá kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó bá kó wọnú omi láìwẹ̀, ó ti bà á jẹ́ fún gbogbo ilé, wọn ò lè bú u lójú torí wọn kì í pariwo, àmọ́ gbogbo wọn á jáde níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ ìkélé máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, búlúù ló sábà máa ń jẹ́ ti ọkùnrin, pupa ti obìnrin, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí i dáadáa: 男 ni ọkùnrin, 女 ni obìnrin. Àwọn ilé kan máa ń pààrọ̀ yàrá méjèèjì láàárín àná àtòní, torí náà ẹ má sọ pé apá òsì ni mo gbà lánàá.

Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ra tán, tówẹ̀lì kékeré nìkan lẹ máa mú wọlé. Ẹ jókòó sórí àpótí kékeré tó wà níwájú ẹ̀rọ omi, ẹ má dìde wẹ̀ o, omi á ta sí ẹni ẹ̀gbẹ́ yín. Báfù kékeré wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi bu omi sára, bí a ṣe ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà gẹ́lẹ́, àpótí, garawa, igbá. Ẹ fọṣẹ, ẹ ha ara, ẹ ṣan ara títí tí fóòmù ò fi sí mọ́. Ẹni tó fi òrí tàbí kírímù para láàárọ̀, kó fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa, torí òróró máa ń léfòó. Kẹ́ ẹ wá bu omi gbígbóná inú adágún sára díẹ̀díẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ sókè, kí ara lè mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó rọra wọlé.

Tówẹ̀lì ò gbọ́dọ̀ kan omi. Orí ni wọ́n máa ń gbé e lé. Kò sí lílúwẹ̀ẹ́, kò sí rírì orí sínú omi, kò sí fífọ aṣọ (mo mọ àwọn èèyàn mi). Ìwọ̀n ooru ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 40 sí 42°C, ó gbóná ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí náà ẹ má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ jáde, ẹ jókòó, ẹ mumi, ẹ padà wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà síbi lọ́ọ̀kà, ẹ nura kẹ́ ẹ tó kúrò nínú yàrá ìwẹ̀, kí ilẹ̀ wọn má tutù.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, òfin ò le tó bẹ́ẹ̀, ṣáwà ẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ wọlé, ẹ má sáré lórí táìsì.

Wọ́n á fún yín ní yukata ní hòtẹ́ẹ̀lì. Apá òsì ló máa wà lókè apá ọ̀tún tẹ́ ẹ bá dì í. Òkú ni wọ́n máa ń di tiẹ̀ lódìkejì.

Mo di irun, àbí mo wọ wíìgì, báwo ni màá ṣe ṣe é?

Irun ò gbọ́dọ̀ kan omi, ì báà jẹ́ tiwọn tàbí tiwa, torí náà ẹ dì í jọ sókè. Ẹni tó ṣe bréèdì gígùn tó kún fún atáṣímẹ́ńtì, kó ká a sókè, kó fi ìdìrun alápò tí ò gbomi bò ó, kò sí ẹni tó máa sọ pé kí ló dé. Òórùn imí ọjọ́ máa ń wọ bréèdì, kì í sì í tètè lọ, ìyẹn lẹ máa rò kẹ́ ẹ tó lọ dirun ńlá kẹ́ ẹ tó gbéra. Wíìgì, ẹ fi sí lọ́ọ̀kà. Èmi rò pé dídì sẹ́yìn lásán, ṣùkú kékeré tàbí ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ló dáa jù fún ìrìn àjò yìí.

Mo ní tattoo. Bàbá mi ní ilà lójú. Ṣé wọ́n máa lé wa?

Ìbéèrè méjì nìyẹn. Ní ti tattoo, wàhálà wà. Ìjọba Jàpáànì láyé ọba Meiji ti fòfin dè é ní 1872, 1948 ni òfin yẹn kúrò, ṣùgbọ́n lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, àmì yakuza ló ṣì jẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìn àjò afẹ́ ṣe ìwádìí lọ́wọ́ àwọn ilé ìwẹ̀ ní 2015, ó lé ní ìdajì tó ní àwọn kì í gbà á, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń gbà á, ìyókù ní kí wọ́n bò ó. Ọ̀pọ̀ páàkì ńlá wà lára àwọn tí kì í gbà á, torí náà ẹ ka òfin wọn kẹ́ ẹ tó sanwó. Tattoo kékeré, ẹ lè ra pílásítà aláwọ̀ ara lẹ̀ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ara wọn ló bá mu, kì í ṣe tiwa, tiwa ẹ ra láti ilé wá. Kinosaki, ní ìpínlẹ̀ Hyogo, kì í dá ẹni tó ní tattoo dúró láwọn ilé ìwẹ̀ gbogboogbò ẹ̀, ní Beppu náà ibi tó ń gbà á pọ̀.

Ilà ojú kì í ṣe tattoo, àpá ni, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ní 2013, ilé ìwẹ̀ kan ní Hokkaido dá obìnrin Māori kan, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, padà nítorí àmì ìbílẹ̀ tó wà lójú ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé ojú ìjọba, ó sì di àríyànjiyàn. Tattoo gidi lèyí obìnrin yẹn, kì í ṣe gígé bíi pélé tàbí àbàjà. Tí ẹnikẹ́ni bá bi bàbá yín, ẹ kàn sọ pé ilà ìdílé ni, àpá ni, kò ní àwọ̀ kankan nínú.

Ọmọdé ńkọ́?

Páàkì dáa fún wọn gan-an. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníhòòhò, ọmọ kékeré lè tẹ̀ lé ìyá tàbí bàbá ẹ̀ yálà ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n láti 2020 ni ìlànà ìjọba ti sọ pé tó bá ti pé ọdún 7, kó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọdún 10 ni. Ẹ̀yin ìyá tó ń dá lọ pẹ̀lú ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ, ẹ ronú sí i, ẹ̀gbẹ́ aláṣọ ni kẹ́ ẹ dúró sí. Ọmọ tó ṣì ń wọ dáyápà, ọ̀pọ̀ adágún ò gbà á. Ara ọmọdé sì máa ń tètè gbóná ju tàgbà lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó.

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo lóyún. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́?

Ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó ń lo oògùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín kẹ́ ẹ tó gbéra, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ní àrùn ọkàn àti ẹni tó jẹ́ SS, torí gbígbẹ omi ara ò dáa fún un rárá. Ewu tó wà níbẹ̀ jù ni kéèyàn fò sínú omi 42°C látinú òtútù ìta nígbà òjò dídì, ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè sódò lójijì. Wọn kì í mu ọtí kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, bíà ẹ dúró dè é lẹ́yìn ìwẹ̀.

Oyún, tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ògiri pé aboyún má wọ̀ ọ́, ní 2014 ni ìjọba yọ ọ́ kúrò torí kò sí ẹ̀rí ìṣègùn fún un. Ṣíbẹ̀, ilẹ̀ máa ń yọ̀, ooru sì máa ń kọ lu aboyún, ẹ má pẹ́, ẹ má dá lọ. Ohun tí mo wá kìlọ̀ sí ni Owakudani lókè Hakone, gáàsì imí ọjọ́ ń tú jáde níbẹ̀, wọ́n ń kìlọ̀ fún aboyún àti ẹni tó ní asthma pé kí wọ́n má dé ibẹ̀. Ní 2015, òkè yẹn sọ èéfín àti eérú díẹ̀ jáde, wọ́n ti ibẹ̀ pa fúngbà díẹ̀.

Mùsùlùmí ni mí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ara mi.

Ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní kashikiri, adágún tẹ́ ẹ máa gbà fún ara yín nìkan, ẹ máa tilẹ̀kùn mọ́ra, ẹ̀yin àti ọkọ yín tàbí àwọn ọmọ. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì Hakone àti Beppu ló ní in. Àwọn yàrá kan wà tó ní adágún tiẹ̀ lórí bárándà, owó ẹ̀ ga, àmọ́ ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣọ ní páàkì, ẹni tó bá fẹ́ wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo gbogbo ara kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dáhùn yàtọ̀ síra.

Ṣé wọ́n máa wò wá torí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú?

Wọ́n á wò yín díẹ̀, pàápàá ní ìlú kékeré. Ìyá àgbà kan lè fẹ́ mọ bí irun yín ṣe rí. Ẹ kí i, ẹ ní «konnichiwa», ó ti parí. Ibi tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn wà níhòòhò, àwọ̀ ò tún jẹ́ nǹkan bàbàrà mọ́.

Fótò ńkọ́?

Fóònù ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìwẹ̀ oníhòòhò àti ibi lọ́ọ̀kà. Ẹ má tiẹ̀ dán an wò, ọlọ́pàá ni wọ́n máa pè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláṣọ, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Èló ni?

Páàkì ń náni ẹgbẹ̀rún yen (owó Jàpáànì) mélòó kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọdé kéré sí i, tíkẹ́ẹ̀tì orí íntánẹ́ẹ̀tì sì lè dín owó kù. Onsen àdúgbò lè máà ju ọgọ́rùn-ún yen mélòó kan. Owó orí ìwẹ̀ wà níbi tó pọ̀, 150 yen lórí àgbàlagbà kan ló wọ́pọ̀, ẹ má rò pé wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Ní Yunessun, ẹ̀gbà ọwọ́ ni wọ́n máa fún yín, òun lẹ máa fi ra nǹkan nínú ilé, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń jáde lẹ máa sanwó. Àwọn ọmọ náà mọ̀ pé ẹ̀gbà yẹn ń ra áísìkírímù o.

Kí la máa jẹ níbẹ̀?

Mílíìkì tútù inú ìgò ni àṣà wọn lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ mu ún, ó máa ń bá ara tó gbóná mu gan-an. Ní Owakudani, ẹyin dúdú wà, inú omi orísun ni wọ́n ti ń sè é, irin àti imí ọjọ́ ló ń sọ èèpo ẹ̀ di dúdú, inú ẹ̀ funfun bí ẹyin yòókù. Wọ́n ní ẹyin kan ń fi ọdún 7 kún ọjọ́ ayé èèyàn. Ní Kannawa ní Beppu, èéfín ilẹ̀ ni wọ́n fi ń se oúnjẹ, ẹ lè fọwọ́ ara yín gbé ànàmọ́, ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹyin sí i, òun gan-an ló dùn mọ́ mi lẹ́nu ju oúnjẹ páàkì lọ. Ata ò sí, ẹ mú ata gígún dání.

Mo rí fótò ọ̀bọ nínú omi gbígbóná. Ṣé a máa bá wọn wẹ̀?

Ẹ gbà mí o. Jigokudani ní Nagano nìyẹn, páàkì ọ̀bọ ni, láti 1964, adágún yẹn tàwọn ọ̀bọ ni, ẹ̀yin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ máa wò wọ́n. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún wọn lóúnjẹ. Ìgbà òjò dídì ló dáa jù láti lọ.

Oṣù wo ló dáa?

December sí February, tí òtútù bá mú ìta, tí orí yín tutù tí ìyókù ara wà nínú ooru, kò sí nǹkan tó tó o. Ẹ sá fún ìparí April sí ìbẹ̀rẹ̀ May, àárín August, àti ọdún tuntun, gbogbo Jàpáànì ló máa ń rìnrìn àjò nígbà yẹn.

Físà ńkọ́?

Oní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà lọ́dọ̀ ẹ́ńbásì Jàpáànì ní Abuja, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ní pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà tàbí Brasil ò nílò físà fún àbẹ̀wò tí ò ju ọjọ́ 90 lọ.

Tí mo bá jáde nínú omi, ṣé kí n tún fi omi lásán ṣan ara?

Ní onsen gidi, ọ̀pọ̀ kì í ṣan án, wọ́n fẹ́ kí èròjà ẹ̀ wà lára. Omi kíkan bíi ti Kusatsu, ẹ ṣan án, ó lè gún awọ ara tó bá rọ̀. Ti wáìnì, ti kọfí, àti gbogbo adágún aláṣọ ní páàkì, ẹ ṣan án dáadáa, chlorine, kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò, máa ń wà nínú wọn. Kẹ́ ẹ wá fi kírímù tàbí òrí yín para kíákíá kí omi tó gbẹ lára, torí omi yẹn máa ń mú kí awọ gbẹ.